Ẹ má sun àpótí àwọn bàbá wa

 

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, a palẹ̀ yàrá wọn mọ́. A bá àpótí onígi kan níbẹ̀ tí ikán ti ń jẹ, lẹ́tà ló kún inú rẹ̀. A gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ṣáná sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìyàwó wọn sọ fún mi pé láti ojú ogun 1939 sí 1945 ni wọ́n ti kọ àwọn lẹ́tà náà wá sílé. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé oníwèé! Ojú tì mí.

Lójú ogun méjèèjì ni Faransé kó ọmọ Dahomey lọ jà. Àwọn kan sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí tilẹ̀ gbéjà ko Faransé nígbà ogun àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, wọ́n yìnbọn pa àwọn tirailleurs tó ń béèrè owó wọn. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lórí iye ẹni tó kú. Ẹni tó yìnbọn náà ló kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé. Tiwa dà?

Ní 2013, àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ní Faransé ké sí àwọn ẹbí kí wọ́n gbé lẹ́tà ogun 1914 wá. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sì gbé ìwé rẹ̀ padà sílé. Àwa náà lè ṣe é. Kí ẹgbẹ́ wa yan ẹni méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ẹbí ni ìwé yóò wà, àwòrán nìkan la ó kó jọ. Bí ẹbí bá gbà, a ó mú ẹ̀dà kan lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Àjàṣẹ́. Ohun tó bá jẹ́ àṣírí ẹbí, a ò ní gbé e síta.

Ẹ má sá lẹ́tà sóòrùn, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó ya. Ẹ má ju àpò rẹ̀ nù, ara òǹtẹ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ àti orúkọ ìlú wà.

Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé, ẹlòmíràn ló bá wọn kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ bi àwọn àgbà tó kù léèrè, kí ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí la fẹ́ rí bí a bá wẹ̀yìn, eérú?