Àgbájọ Ọwọ́ Ni Rédà Fi Ń Ríran
Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rédà ni mo mú wá lónìí.

Rédà a máa ju ìgbì rédíò sínú afẹ́fẹ́. Bí ìgbì náà bá kọlu ọkọ̀ òfuurufú, á ta padà bí ohùn ti í ta padà lára àpáta. Àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni a fi ń mọ bí ọkọ̀ náà ti jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ìgbì áńténà kékeré kan ṣoṣo á fọ́n káàkiri ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to áńténà púpọ̀ pọ̀. Bí gbogbo wọn bá jùmọ̀ ju ìgbì, ìgbì wọn á di alágbára níwájú, á sì pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá jùmọ̀ ń gbọ́, ariwo áńténà kọ̀ọ̀kan kò bá ti èkejì mu, ṣùgbọ́n ìró òtítọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́. Bí a bá pa á pọ̀, òtítọ́ á borí ariwo.

Ní ọjọ́ 7, oṣù December, ọdún 1941, ọmọ ogun Amẹ́ríkà méjì, Joseph Lockard àti George Elliott, wà nídìí rédà ní Opana, ní Hawaii. Áńténà rédà wọn lé ní 30. Agogo 7 ni iṣẹ́ wọn parí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ jẹun kò tètè dé, wọn kò sì pa ẹ̀rọ. Nígbà tí agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 2, wọ́n rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ òfuurufú ní nǹkan bí máìlì 130. Wọ́n tẹ ọ́fíìsì láago. Ọ̀gá tó gbọ́ ọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ náà ni. Ó rò pé ọkọ̀ tiwọn tí ń bọ̀ láti California ni, ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Kí agogo 8 tó lù, bọ́ǹbù Jàpáànù ti ń rọ̀ ní Pearl Harbor. Àwọn tó kú lé ní 2,400.

Ará, ẹ̀rọ kò kùnà. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kò kùnà. Ohùn wọn ni kò rí etí.

Bí o bá rí i pé bíréèkì lọ́rì kò mú mọ́, tàbí pé bọ́ílà gbóná ju bó ti yẹ lọ, má dá nìkan sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí aṣojú yín mú un lọ bá ọ̀gá. Ohùn ẹnì kan, wọ́n lè pè é ní ariwo. Ohùn gbogbo wa kò ṣeé di etí sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.