Iye Ẹrù Tí Ilẹ̀ Òkè Lè Gbé
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, Ìkẹjà



Láti Oregun dé Ọ̀gbà títí dé Agége, bí ọjà bá pọ̀, orí òkè ni wọ́n máa ń to ẹrù sí, àwa a sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti béèrè iye tí ilẹ̀ òkè náà lè gbé?

Oríṣi ẹrù méjì ni ẹnjiníà ń ṣírò. Èkínní ni èyí tí kì í kúrò: ìwúwo ilé fúnra rẹ̀. Èkejì ni èyí tí ń wá tí ń lọ: ènìyàn, ẹ̀rọ, ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpò sìmẹ́ńtì oní-50 kílò wọ̀n ọ́n. Dẹ́ẹ̀kì kọnkéré tó nípọn 15 sẹ̀ǹtímítà wúwo tó 360 kílò lórí mítà kan níbùú lóòró. Ó ti lé ní àpò méje kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹnjiníà wa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fi bí àpò márùn-ún, 250 kílò, kún un fún ọ́fíìsì.

Wọn a tún fi ààbò sí i: 360 lọ́nà 1.4 jẹ́ 504. 250 lọ́nà 1.6 jẹ́ 400; àpapọ̀ 904 kílò. Àlékún yẹn kì í ṣe àyè ìkẹ́rù o. Nítorí àṣìṣe àti àìdánilójú ni.

Wàyí o, àpò mẹ́rin ló ń gba mítà kan. Bí a bá tò ó ní ìpele mẹ́wàá, ó di 40 àpò, 2,000 kílò: ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí a ṣírò fún ọ́fíìsì!

Dẹ́ẹ̀kì ń gbé ẹrù fún bíìmù, bíìmù fún òpó, òpó fún ìpìlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wó. Ní 12 September 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkòtún nítòsí wa. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ní 2015, adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ pé àṣìṣe nínú ìṣirò àti àwòrán ilé náà ló fà á.

Òfin ilé-iṣẹ́ ní kí a kọ iye ẹrù sára kireni. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé ìkẹ́rù pẹ̀lú, kí wọ́n sì pe ẹnjiníà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tuntun gòkè. Bí bíìmù bá sán tàbí tí dẹ́ẹ̀kì bá tẹ̀, ẹ jáde, kí ẹ sọ fún aṣojú ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.