Ara Ọmọ Ń Sọ̀rọ̀ Nígbà Tó Ń Wo Fíìmù

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ ìwòsàn sílẹ̀ o.

Ní ọdún 2013, ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis Kirke gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n ń pè ní Many Worlds. Fíìmù yìí kì í parí bákan náà nígbà gbogbo. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ara díẹ̀ nínú àwọn tó ń wò ó. Ẹ̀rọ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, bí òógùn ṣe ń yọ, bí iṣan ṣe ń le, àti bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà á wá fi ohun tó rí yan ibi tí ìtàn máa gbà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè o. Ẹnu wọn dákẹ́, ara wọn ló ń fèsì.

Bẹ́ẹ̀ náà lara gbogbo wa rí. Bí ẹ bá pàdé ejò lọ́nà oko, kẹ́ ẹ tó pariwo, àyà yín á ti máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ á ti máa làágùn. Ara ń múra láti sá ni. Bó bá jẹ́ ejò inú fíìmù, àgbàlagbà á sọ fún ara rẹ̀ pé eré ni. Ọmọ kékeré ò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, wá bá mi. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ṣíwọ́ títọ̀ sórí ẹní, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá nà án títí, kò yí padà. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, a ò rí àrùn. Mo wá bi ọmọ pé kí ló máa ń ṣe lálẹ́. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun ń wo fíìmù iwin lórí fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora. Ṣé kì í bà á lẹ́rù? Ó ní, "Rárá, tàńtí." Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, ó ti tutù rinrin fún òógùn. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹgba kọ́ loògùn rẹ̀.

Fíìmù ti Plymouth ń wo ẹni tó ń wò ó. Fóònù àti tẹlifísọ̀n ilé wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àyà ọmọ já, fíìmù ò ní yà sí ọ̀nà míì fún un. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ máa wo ojú ọmọ. Ẹ fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé e láyà. Bó bá ń di aṣọ yín mú, tó ń mí lókelóke, ẹ pa fíìmù náà. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ jọ máa mí díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé òṣèré ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ má pè é ní ojo. Ó kéré tán, wákàtí 1 kó tó sùn, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, tó ń gbọ̀n, ẹ má sọ pé fíìmù ló fà á. Ó lè jẹ́ ibà. Ẹ gbé e lọ síléèwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ń tọ̀ sórí ẹní, tó tún ń mumi lámujù, tó sì ń rù, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Ẹnu ọmọ lè sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ gbọ́ ti ara rẹ̀ náà.