Ẹ Má Fi Lẹ́tà Ọmọbìnrin Yín Pamọ́

Àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní ẹ̀kọ́ gíga tó wà fún àwọn ọmọbìnrin wa, pàápàá ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé àwọn obìnrin àti ipò tí àwùjọ fi ọkùnrin àti obìnrin sí, èyí tí wọ́n ń pè ní jẹ́ńdà. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ yẹn báyìí, àwọn kan ti yíjú padà. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Èmi náà ti yíjú padà rí, ohun tó sì ná mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2004, lẹ́tà kan dé sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ mi. Orúkọ ọmọ mi kejì ló wà lára rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì nígbà náà, ó sì ti kọ iṣẹ́ kan nípa àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta: bí àwọn ìyá yẹn ṣe ń rẹ aṣọ, ta ló ń kó èrè, ta ló ń jẹ gbèsè. Àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe àpérò nípa àwọn obìnrin ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí iṣẹ́ náà, wọ́n sì pè é kó wá kà á níwájú àwùjọ. Àwọn ni yóò san owó ọkọ̀. Wọ́n á fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ fún ọjọ́ márùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kó fèsì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

Mo já lẹ́tà náà, mo kà á. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, torí kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo rí jẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ìwé kan ṣoṣo. Mo ro ọ̀nà jíjìn, mo ro ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ tí yóò dá nìkan kọjá ẹnubodè, mo sì ro ohun tí àwọn ará ìjọ yóò máa wí. Ni mo bá ti lẹ́tà sínú àpò agbádá kan tí n kì í sábà wọ̀. Mo sọ fún ara mi pé mò ń gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin ará, n kò gba àdúrà kankan. Mo kàn ń dúró kí ọjọ́ kọjá ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó fẹ́ kó aṣọ mi lọ fọ̀, ló bá kàn án nínú àpò. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ ṣeun," ó sì fi lẹ́tà náà lé orí tábìlì mi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ó ń kí mi, ó ń tọ́jú mi, ó ń fi owó oògùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò tún fi lẹ́tà kankan hàn mí mọ́.

Nígbà tó yá ni mo tó wá ìdí ohun tí mo sá fún. Mo ti rò pé òyìnbó ló gbé e wá láti fi tú ilé wa ká. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé nínú ìwádìí mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1933, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Gbogbo wa la mọ Efúnṣetán Aníwúrà nínú eré orí ìtàgé: ìkà obìnrin, tán. Ìyá yìí lọ tú ìtàn wò. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé Ìyálóde náà jẹ́ oníṣòwò ńlá tó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun Ìbàdàn, tí gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Pé ó bá Ààrẹ Látòósà jà lórí ogun àjàtúnjà, kó tó di pé wọ́n yọ ọ́ lóyè, tí wọ́n sì pa á ní 1874. Ó kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ pẹ̀lú ti àwọn obìnrin mìíràn nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992. Òun náà ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí àti ìkówèépamọ́ nípa àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, èyí tí wọ́n ń pè ní WORDOC.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní 1982, nígbà tí àwọn onímọ̀ pé jọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ obìnrin Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Women in Nigeria ti ibẹ̀ jáde, ọkùnrin sì wà nínú rẹ̀ bí obìnrin ṣe wà. Kò sẹ́ni tó lé wa jáde. Àwa la kò lọ.

Mo tún ka ti Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997. Ó ní láyé àtijọ́, nílẹ̀ Yorùbá, àgbà àti àbúrò ló ń sọ ipò ẹni, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ó ní ká wo èdè wa: bí a bá ní "ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ti jẹun," ta ló lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Èmi kò gba gbogbo rẹ̀. Mo rántí ilé wa, mo rántí ẹni tó ń jẹ orí ẹran àti ẹni tó ń jẹ egungun. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé yẹn lálẹ́ mẹ́ta, mo ń bá a jiyàn, mo ń rẹ́rìn-ín. Irú ìjiyàn yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe níbi àpérò tí mo rò pé wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwà ọ̀tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ tún wà nínú ìtàn Ìyá wa Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abẹ́òkúta Grammar School gbà, ní 1914. Ní 1919 àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ kó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ kàwé, ó sì padà dé ní 1922. Ẹ ronú sí ọdún yẹn! Kò sí tẹlifóònù téèyàn lè fi béèrè bóyá ọmọ ti dé. Òun ló wá kó àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ìwé àti lẹ́tà rẹ̀ wà ní ibi ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ti lọ kà wọ́n. Wọ́n tọ́jú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn káyé lè rí wọn. Èmi tọ́jú tèmi sínú agbádá.

Ó dáa, níbo ni àǹfààní yìí wà? Ní Ìbàdàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní ibùdó tirẹ̀. Makerere ní Yùgáńdà ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ láti 1991, ibẹ̀ sì ni àpérò àgbáyé nípa obìnrin ti wáyé ní 2002, ìgbà àkọ́kọ́ tó dé Áfíríkà. Yunifásítì Ghana ní Legon dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Ní Dakar, láti 1994, CODESRIA bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ jọ fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ti owó ìrànwọ́ láti lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Commonwealth wà, ti Chevening náà wà. Chevening ń béèrè pé kí ẹni náà ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, kó sì padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀; nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé wọn kì í padà wá, ẹ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ san owó kí wọ́n tó bá ọmọ yín gba irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún onítọ̀hún.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìsí àǹfààní ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ọmọ kò ní páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà sì dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Tàbí ó ní, àmọ́ ọmọ ọwọ́ wà nílé. Ẹ̀yin ọkọ, mo fẹ́ bá yín sọ òtítọ́ níbí yìí: ọjọ́ márùn-ún ni. Tí ìyàwó yín bá lọ sí ìsìnkú ní ìlú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ máa ń jẹun, ọmọ sì máa ń wẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ọmọ pọ̀n nígbà tó bá lọ sọ́jà. Ẹ bá a gbé e pọ̀n lọ́tẹ̀ yìí náà. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún jáde síwájú àpéjọ ènìyàn láti béèrè ohun tó tọ́ sí wọn, a sì mọ ẹni tó ní wọ́n sọ òtítọ́.

Lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi mú fọ́ọ̀mù kan wá sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí mo pa lẹ́tà rẹ̀ mọ́, ló jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ méjì tí wọ́n jọ ń kọ ọ́, tí wọ́n ń pa á rẹ́, tí wọ́n tún ń kọ ọ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n parí, ẹ̀gbọ́n gbé ìwé kan wá bá mi níbi tí òbí ti máa fọwọ́ sí i. Mo béèrè bóyá mo lè kà á. Ó ní, "Ẹ kà á, Bàbá." Mo kà á tán, mo fọwọ́ sí i, mo sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Fọ́ọ̀mù ti lọ. À ń retí èsì.