Èrè Tó Wà Nínú Iṣẹ́ Tí A Kò Gbowó Fún

Nígbàkúùgbà tí a bá rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ẹgbẹ́ aláàánú, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi wá: “Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìgba owó ọ̀yà, ẹ̀yin náà ni ẹ tún ń ní kí a lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́?” Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, ó sì yẹ kí a fèsì sí i.

Iṣẹ́ tí a fi ipá tàbí ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ ẹni yàtọ̀ sí èyí tí ẹni fínnúfíndọ̀ ṣe. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí: ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀fà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà ní Solferino, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1859, Henry Dunant àti àwọn ará ìlú tó wà nítòsí tọ́jú àwọn ọmọ-ogun tó fara gbọgbẹ́, láìbèèrè ìhà tí wọ́n ti wá. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀ ní Geneva lọ́dún 1863. Ọdún 1960 ni òfin fìdí ti Nàìjíríà múlẹ̀. Ó ní ẹ̀ka ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti ní Abuja.

Èrè wo ni ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ yóò jẹ?

Èkíní ni ìmọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀ yóò mọ̀ pé aṣọ mímọ́ ni à á tẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gidigidi, láìgbé ọwọ́ kúrò. Yóò mọ̀ pé omi tútù tó ń ṣàn ni à á jẹ́ kó máa dà sójú ibi tí iná jó fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa tàbí kẹrosíìnì. Ìmọ̀ yìí yóò bá a dé ìdí ẹ̀rọ níbi iṣẹ́, yóò sì bá a dé ilé ìdáná. Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò lò ó fún lè jẹ́ ọmọ tirẹ̀.

Èkejì ni ènìyàn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn lọ sí Kano tàbí Port Harcourt lè máà mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ju àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Bí ó bá ti bá àwọn onílé gbé aláìsàn pọ̀, kì í tún ṣe àjèjì mọ́. Ènìyàn ni aṣọ.

Ẹ̀kẹta ni iyì. Ẹni tó ti ń gbàṣẹ láti ogún ọdún wá yóò kọ́ bí a ti ń darí ìpàdé, bí a ti ń ṣírò owó àpapọ̀, àti bí a ti ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ìmọ̀ wọ̀nyí náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílò. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì náà yóò sì ní ìdí tí yóò fi jí láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí agbanisíṣẹ́ bá ní kí ẹ ṣe àfikún iṣẹ́ láìsanwó, tó sì pè é ní ìrànlọ́wọ́, ìrẹ́jẹ ni. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yín rọ́pò òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ bèèrè: ṣé wọn yóò kọ́ mi níṣẹ́? Ṣé wọn yóò fún mi ní ìbọ̀wọ́? Ṣé mo lè sọ pé rárá nígbà tí àyè kò bá yọ?

Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan lóṣù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣoore, ara rẹ̀ ló ṣe é fún. Ìṣọ̀kan wa kò ní tú o.