Ìdìbò Tí Ó Dá Ẹrú Sílẹ̀ ní Maryland, 1864

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ni a fẹ́ bá yín sọ, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa níhìn-ín, bíkòṣe ti Maryland ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń bá ara wọn jagun láti 1861 títí di 1865. A yan ìtàn yìí nítorí pé ìbò 375 péré ni ó fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀, àti nítorí pé ọ̀nà tí a gbà rí ìbò náà kò mọ́ tónítóní.

Ẹnu ààlà ni Maryland wà. Pennsylvania, níbi tí kò sí ẹrú, wà ní òkè rẹ̀. Virginia, tí ó bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù lọ, wà ní òdìkejì odò Potomac. Àárín àwọn méjèèjì, Maryland àti Virginia, ni Washington, olú-ìlú Ìjọba Àpapọ̀, wà. Bí Maryland bá sì lọ, ọ̀tá ti yí olú-ìlú ká. Ní 1860 a ka ènìyàn 687,049 ní ìpínlẹ̀ náà: 87,189 nínú wọn jẹ́ ẹrú, 83,942 sì jẹ́ ènìyàn dúdú tí kì í ṣe ẹrú mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn olóko tábà tí wọ́n ní ẹrú fi ọkàn sí Gúúsù, àwọn mìíràn sì di Ìjọba Àpapọ̀ mú. Ní Baltimore, ní 19 April 1861, àwọn ará ìlú kọlu ọmọ ogun Massachusetts tí ń kọjá lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn ní ìgboro.

Ìjọba Àpapọ̀ kò dúró de ìpinnu wọn. Ó kó ọmọ ogun wọ ìlú, nígbà tí ó sì di September 1861, ó ti àwọn aṣòfin kan mọ́lé. Láti ìgbà náà ni ìdìbò ti di ohun tí a ń ṣe lójú ìbọn. Ẹ má ṣe rò pé ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń dìbò. Ìjọba kọ́ ni í tẹ ìwé ìbò nígbà náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni í tẹ tirẹ̀, olùdìbò a sì mú un lọ́wọ́ lọ síwájú àwọn alábòójútó. Ẹni tí ó bá dúró nítòsí sábà máa ń mọ ti ẹgbẹ́ tí ó mú. Ẹ ro bí àyà ọkùnrin náà yóò ti já tó, bí ó bá di ìwé tí ìjọba kò fẹ́ mú, tí ọmọ ogun sì wà lẹ́nu ọ̀nà!

Ní October 1863, Ọ̀gágun Schenck pàṣẹ pé kí a mú àwọn aláìṣòótọ́ tí wọ́n bá súnmọ́ ibi ìdìbò, kí ẹni tí a bá fura sí sì búra kí ó tó dìbò. Gómìnà Augustus Bradford fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni Ìjọba Àpapọ̀, síbẹ̀ ó kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln láti fi ẹ̀hónú hàn. Lincoln yí apá tí ó jẹ mọ́ mímú ènìyàn padà, ṣùgbọ́n ó fi ìbúra sílẹ̀ bí ó ti wà. Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bóyá ohun tí Bradford ń wí nìyẹn. Àwọn ará Gúúsù kò tilẹ̀ ka èyí sí fún un, nítorí ní July 1864 àwọn ẹlẹ́ṣin wọn dáná sun ilé rẹ̀.

Wàyí o, ìkéde òmìnira tí Lincoln ṣe ní 1 January 1863 kò kan Maryland, nítorí pé kò ṣọ̀tẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà tilẹ̀ dá àwọn aṣòfin lẹ́kun láti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹrú. Nítorí náà ni a fi pe àpéjọ kan sí Annapolis ní April 1864 láti kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Aṣojú 96 ni wọ́n. 61 nínú wọn fẹ́ kí oko ẹrú parí. Wọ́n kọ ọ́ pé kí gbogbo ẹrú di òmìnira, láìsan kọ́bọ̀ fún olówó wọn. Wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹni tí yóò dìbò lórí ìwé náà gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìbúra tí ó wà nínú rẹ̀, àti pé kí àwọn ọmọ ogun dìbò nínú àgọ́ wọn. Ẹ kíyèsí i: òfin tí a kò tíì gbà ni a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìdìbò tí yóò gbà á.

Ní 12 àti 13 October ni wọ́n dìbò. Nílé, 27,541 gbà á, 29,536 kọ̀ ọ́. Ó ti ṣubú nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò àgọ́ dé, ọmọ ogun 2,633 gbà á, 263 péré ni ó kọ̀ ọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ di 30,174 sí 29,799. Àwọn tí ó pàdánù kígbe pé a ti rẹ́ wọn jẹ, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù kò sì dá wọn láre.

Àwa náà kò ní purọ́ pé ìbúra yẹn dára, tàbí pé ó tọ́ kí ọmọ ogun máa ṣọ́ àpótí ìbò. A lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbe tí wọ́n ké nípa ìbò tí a fi dù wọ́n, a kò gbọ́ kí wọ́n mẹ́nu ba ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà, àwọn dúdú, tí ẹnikẹ́ni kò pè wá dìbò rárá, bẹ́ẹ̀ ni lórí ọrùn tiwọn gan-an ni a ń dìbò lé. Bí a bá fẹ́ ṣírò ìbò ọjọ́ náà lódodo, àwọn ni à bá kọ́kọ́ kà.

Ní 1 November 1864 òmìnira dé. Frederick Douglass, tí ó sá kúrò ní Baltimore ní 1838 nígbà tí ó jẹ́ ẹrú, padà wá sí ìlú náà nínú oṣù yẹn, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé ìjọsìn. Ṣùgbọ́n inki ìwé náà kò tíì gbẹ tí àwọn olówó ẹrú fi bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọdé lọ síwájú kóòtù, pé kí a fi wọ́n sí abẹ́ àwọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ní ẹkùn Talbot, ọjọ́ 3 November ni a so ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Elizabeth Turner mọ́ ọwọ́ ẹni tí ó ti jẹ́ olówó rẹ̀ títí di ìjẹta. Ó di October 1867 kí Adájọ́ Àgbà Chase tó tú u sílẹ̀.