Ilé Ọláìyá ní Ìta Tinúbú: Òfin Dáàbò Bo Ilé, Ta Ni Yóò Tún Òrùlé Rẹ̀ Ṣe?

Ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, ilé tí ẹ kò ní bá lórí ìdúró mọ́ bí ẹ bá gba Ìta Tinúbú kọjá. Ilọjọ Bar ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ilé Ọláìyá. Casa do Fernandez ni orúkọ rẹ̀ láyé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀, tó kọ́ ọ.

Nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti rọ̀jò àgbá sórí Èkó ní 1851. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìta náà, ṣì wà nílùú. Ọdún 1856 ni wọ́n tó lé e lọ sí Abẹ́òkúta. Lásìkò yẹn, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil ń padà bọ̀, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ wá ń fura sí gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Wọn ò padà lọ́wọ́ òfo: iṣẹ́ birikìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wà lọ́wọ́ wọn.

Ọwọ́ yẹn hàn lára ilé náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ lókè bí òṣùmàrè, irin ọlọ́nà sì ni wọ́n fi ṣe ọgbà bákónì. Ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀.

Ní 1933, Alfred Omolọna Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Isu ní Èkìtì, ra ilé náà. Ọmọ 24 ni ìdílé rẹ̀ ní. Ẹni ogún nínú wọn ni Victor Ọláìyá, afunfèrè tó di ọ̀gá orin háíláìfù, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbi àríyá òmìnira ní 1960. Ẹ má jẹ́ kí iye ọmọ yẹn lọ lọ́kàn yín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ní 1956, ìjọba kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà, onílé ò gbọdọ̀ wó o láìgbàṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri àtijọ́ ń mu omi òjò, páànù ń dógùn-ún, igi ń jẹrà. Ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ wá di olówó gọbọi láàárín Èkó. Ọmọ 24 bí ọmọ, àwọn ọmọ náà tún bímọ. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ nínú ogún tí ẹnì kankan ò lè dá tún ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, ni wọ́n wó Ilé Ọláìyá palẹ̀. Ó ti lo 60 ọdún lábẹ́ ààbò òfin. Ẹni ọdún 85 ni Victor Ọláìyá nígbà tí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀. Ó fi ayé sílẹ̀ ní 2020.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí ẹni tó wó o, ìbínú náà sì tọ́. Èrò tèmi ni pé òfin tó de onílé lọ́wọ́, tí kò sì fún un lówó àtúnṣe, ti fi ilé náà sílẹ̀ fún ìparun kó tó di pé katakata dé.

Ṣùgbọ́n ilé Àgùdà mìíràn ṣì kù tí a lè gbà là. Ilé Omi tí João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀, kọ́ sí òpópónà Kakawa, níbi tí ará Èkó ti ń ra omi kànga nígbà kan, ṣì wà. Mo bẹ ẹ̀yin aṣòfin, ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì yọ owó orí ilẹ̀ kúrò lọ́rùn àwọn tó jogún wọn. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tí ẹ wà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, ẹ ké sí àjọ tó ń mójú tó ohun ìrántí nígbà tí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ má dúró de ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀.